Ta Ni Yóò Gbọ́ Ẹjọ́ Wa Bí Ẹ̀rọ Bá Ní Owó Wa Kò Pé?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, òun náà ni ọ̀rọ̀ tí a kò rí parí ní ìpàdé tó kọjá nígbà tí òjò lé wa dìde. Ìyálọ́jà ní kí kálukú lọ rò ó wá. Èmi ti rò ó, mo sì kọ èrò tèmi síbí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìyálọ́jà, tèmi ni.

Ẹ rántí pé wọ́n ní kí á fi káàdì sílẹ̀. Wọ́n ní owó ọjà, owó àjọ àti owó ìrànlọ́wọ́ tí a ń dá, kí á máa fi ẹ̀rọ gbà á. Ọmọ tó ń gba owó yóò máa tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, gbogbo rẹ̀ yóò sì máa lọ sínú kọ̀ǹpútà tí ẹni tó fẹ́ tà á fún wa yóò máa bá wa tọ́jú. Ìwé ńlá tí mo ń kọ, kò ní sí mọ́. Káàdì tí ẹ ń mú lọ́wọ́, kò ní sí mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa fẹ́ ẹ, mo sì mọ ìdí rẹ̀: káàdì a máa bọ́ sómi, eku a máa jẹ ẹ́, ẹlòmíràn a sì fọ tiẹ̀ mọ́ ìró. Ẹnìkan tiẹ̀ ti ń sọ lẹ́yìn mi pé akọ̀wé ló ń bẹ̀rù kí wọ́n má gba bírò lọ́wọ́ òun. Kó máa sọ ọ́ lọ. Bírò kò fún mi ní owó oṣù.

N kò bá ẹ̀rọ jà o. Èmi náà ń gba tiransífà, mo sì mọ iye ìgbà tí ó ti gbà mí lọ́wọ́ ayédèrú owó. Ohun tí mo ń bá jà ni gbólóhùn kan tí mo gbọ́ ní ìpàdé ọjọ́ náà, tí ọ̀pọ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún, pé ẹ̀rọ kì í parọ́. Wọ́n ní ènìyàn ló ń ṣàṣìkọ, ènìyàn ló ń jí owó, ẹ̀rọ kò mọ ẹbí, kò mọ ọ̀rẹ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í dá wá sí ọjà. Ènìyàn ló ń gbé e wá, ènìyàn ló ń ṣòfin tí wọ́n fi ń lò ó, ènìyàn náà ni yóò jókòó sórí àga tí a ó lọ rojọ́ níwájú rẹ̀ bí nǹkan bá wọ́. Bí ẹni tó wà lórí àga yẹn bá ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ kì í parọ́, a jẹ́ pé ìwọ tó ń rojọ́ ti di òpùrọ́ kí o tó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí bí nǹkan ti rí ṣáájú. Agbo ilé wo ló wà ní agbègbè Èjìgbò yìí tí kò ní ẹni ní Àbíjáǹ? Nígbà tí kò tíì sí fóònù, owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ọwọ́ dírẹ́bà tàbí ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ nílé ló ń gbà wá, pẹ̀lú lẹ́tà. Iye owó á wà nínú lẹ́tà, ìwọ náà á ka èyí tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí kò bá pé, o mọ agbo ilé tí wàá lọ. O mọ bàbá rẹ̀. Wọn á pè é síta, á ṣàlàyé lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà yẹn kò yá, owó sì ń sọnù nígbà mìíràn, n kò ní kí á padà síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ìwé wà lọ́wọ́ ẹni tó ni owó, agbo ilé sì wà tí a lè lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí kọ̀ǹpútà kún ọwọ́ wọn, ibi tí wọ́n ti ṣubú gan-an nìyẹn.

Ẹ wo ti Ìlú Ọba. Àwọn ló san owó ẹ̀kọ́ yìí jù, kì í sì í ṣe àwọn ọ̀gá wọn ló san án. Níbẹ̀, pósíọ́fíìsì kì í ṣe ilé ìjọba ńlá nìkan. Ní ìgboro àti ní abúlé, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tó ń ta búrẹ́dì àti mílíìkì àti ìwé ìròyìn, ni yóò gba iṣẹ́ pósíọ́fíìsì mọ́ ọn. Yóò ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni àwọn arúgbó yóò ti wá gba owó ìfẹ̀yìntì, tí ènìyàn yóò ti fi ẹrù ránṣẹ́, tí yóò ti ra sítáǹpù. Oníṣòwò ni wọ́n bíi tiwa. Tí ẹ bá rí ọmọ POS tó ń ta káàdì àti bisikíìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìdíkọ̀, ẹ ti rí wọn.

Láti 1999 ni pósíọ́fíìsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Horizon sínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí. Fujitsu, ilé iṣẹ́ àwọn ará Japan, ló ń bójú tó o. Tẹ́lẹ̀, ìwé ni wọ́n fi ń ṣírò. Nígbà tí Horizon dé, àwọn kan á ka owó inú dúrọ́ọ̀ tán, wọn á tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ní owó kò pé. Wọn á tún un kà, ẹ̀rọ á ní kò pé. Ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ ní owó tó bá dín nípasẹ̀ àìbìkítà tàbí àṣìṣe wọn, àwọn ni yóò san án. Pósíọ́fíìsì wá gbà á bí ẹni pé owó yòówù tó bá dín, àìbìkítà wọn ni. Òun nìyẹn. Ọ̀pọ̀ san án láti inú èrè ṣọ́ọ̀bù, wọ́n yá owó lọ́wọ́ ẹbí, wọ́n ta ilé.

Ìyá kan wà ní abúlé South Warnborough, Jo Hamilton lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ní ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ùn dín. Ó pe àwọn tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ lórí fóònù, wọ́n ní kó tẹ ibí, kó tẹ ọ̀hún, ojú rẹ̀ ló ṣe tí gbèsè náà fi di ìlọ́po méjì. Wọ́n ní kó san án. Kí ọ̀rọ̀ tó parí, ó ti di 36,000 pọ́n-ùn. Ó fi ilé rẹ̀ yá owó, àwọn ará abúlé dá owó fún un. Ó gbà ní kóòtù pé òun kọ ìṣirò irọ́, torí pé bí kò bá gbà, ẹjọ́ olè ló wà níwájú rẹ̀. Òmíràn, Seema Misra ti West Byfleet, oyún wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní November 2010. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé ọdún mẹ́wàá ni. Èmi tí mo bímọ, mo ka èyí, mo ní láti gbé ìwé náà sílẹ̀ ná.

Láàárín 1999 sí 2015, àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi bẹ́ẹ̀ lé ní 900. Nínú wọn, pósíọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ló gbé àwọn tó ju 700 lọ sí kóòtù, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹni tó sọ pé owó òun sọnù, òun náà ló ṣèwádìí, òun náà ló gbé lọ́yà dìde, òun náà ló ni ẹ̀rọ tó jẹ́ ẹlẹ́rìí. Òfin wọn níbẹ̀ láti 1999 ló sì tún wá ní kí kóòtù gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bí ẹnìkan bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Níbo ni aláàgbo búrẹ́dì yóò ti rí ẹ̀rí inú kọ̀ǹpútà Fujitsu?

Ohun tó bí mi nínú jù kò tiẹ̀ sí nínú kọ̀ǹpútà rárá. Bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá pe fóònù láti rojọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ ni pé, ìwọ nìkan ni o, kò sí ẹlòmíràn tó ní irú ìṣòro yìí. Irọ́ gbuu ni. Ẹni tó wà ní Wales ń gbọ́ pé òun nìkan, ẹni tó wà lẹ́bàá Lọ́ńdọ́nù ń gbọ́ pé òun nìkan. Ìtìjú mú kálukú sé ilẹ̀kùn. Wọ́n sì tún ní kò sí ẹni tó lè wọ inú ìwé owó wọn láti òkèèrè, nígbà tó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu jókòó sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n lè wọlé, wọ́n lè tún iye inú rẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé oní ṣọ́ọ̀bù mọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alan Bates, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlú Llandudno ní Wales, kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní san gbèsè tí wọn kò lè ṣàlàyé fún òun. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2003. Kò dákẹ́. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń wá àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ní 2009 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n jókòó sójú kan náà ni wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹyọ ẹnìkan. Ènìyàn 555 ló gbé pósíọ́fíìsì lọ sí kóòtù, ní December 2019 Adájọ́ Fraser sì sọ pé àbùkù wà nínú Horizon lóòótọ́, ó sì lè mú kí owó dín nínú ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè. Ní April 2021, kóòtù kó-tẹ́-mi-lọ́rùn wọn da ẹ̀bi 39 nù lọ́jọ́ kan, Jo Hamilton àti Seema Misra wà lára wọn. Síbẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n ṣe eré rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní January 2024 tí gbogbo ìlú wò ó, ni ìjọba tó dìde, wọ́n ṣòfin ní May 2024 tó pa ẹ̀bi àwọn tó kù rẹ́. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Wyn Williams jẹ́ alága rẹ̀ sọ ní July 2025 pé ó kéré tán, ènìyàn 13 ló ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀ràn yìí ló mú wọn gbẹ̀mí ara wọn.

Nínú ogún ọdún yẹn, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ìgbà ni Horizon ṣírò tí ó sì tọ̀nà. Bí ọ̀gá kan bá ti kó gbogbo ẹjọ́ jọ sórí tábìlì kan ní ọdún àkọ́kọ́, tó bèèrè pé ẹ mélòó lẹ ń sọ ohun kan náà, ìyàwó ilé kankan kì bá tí rí ẹ̀wọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ni ìṣòro wà. Wọ́n fẹ́ràn orúkọ ẹ̀rọ wọn ju àwọn tó ń lò ó lọ.

Ẹ ó ní ti òyìnbó nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sílé, ká wo JAMB, torí kò sí ìsọ̀ kan ní ọjà yìí tí kò tíì san owó JAMB rí.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fún àwọn tó fẹ́ ẹ̀rọ ní ẹ̀tọ́ wọn. JAMB yìí kan náà ni ìròyìn rẹ̀ tàn káàkiri ní February 2018 pé ejò gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì ní ọ́fíìsì wọn ní Makurdi. Gbogbo ọjà ló fi ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ yẹn. Owó káàdì ni, àwọn káàdì tí wọ́n ń họ tí àwọn ọmọ ń rà kí wọ́n tó lè forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí JAMB pa káàdì náà tì tí wọ́n ní kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan wá ṣírò ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ejò jáde. Ní 2017 tí wọ́n sì gbé owó gba orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀gá tuntun sì tẹjú mọ́ ọn, ilé iṣẹ́ náà dá owó tó lé ní bílíọ̀nù márùn-ún padà fún ìjọba lọ́dún kan ṣoṣo, ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí láti ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, n kò ní purọ́ fún yín pé ìwé kì í gbé ejò. Ó ń gbé e.

Wàyí o, 2025. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ ti ń ṣe ìdánwò náà láti 2015. Èsì jáde ní ọjọ́ 9 oṣù May. Nínú àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ó ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ tí kò gba 200 nínú 400. Igbe ta. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, ní ohun tí èyí fi hàn ni pé wọ́n ti dí ọ̀nà ìjíwèé wò. Ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kì í parọ́ náà ni. Ọmọ tó bá sunkún, olè tí ọwọ́ tẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àti òbí ò dákẹ́, ibi tí JAMB sì ti yàtọ̀ sí pósíọ́fíìsì òyìnbó nìyí: wọ́n kó ẹjọ́ jọ. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé ibi kan ni ariwo ti pọ̀ ju ibòmíràn lọ. Wọ́n pe àwọn onímọ̀ láti ìta kí wọ́n wá bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí i pé àtúnṣe kan wà tó yẹ kí wọ́n fi sínú gbogbo kọ̀ǹpútà ńlá tó ń darí ìdánwò. Wọ́n fi sí apá kan, àwọn tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ náà kò fi sí apá tó ń bójú tó Èkó àti ìpínlẹ̀ Ìgbò márààrún. Ní ọjọ́ 14 oṣù May, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Ọlóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn ní Abuja. Ó ní àṣìṣe ni, ó dárúkọ iye rẹ̀, ọmọ 379,997 ní ibùdó ìdánwò 157, ó ní òun tọrọ àforíjì, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ọjọ́ kejì sí i ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn ọmọ náà tún un ṣe.

Àwọn kan ní ẹkún ọ̀nì ni. Èmi kò wo ẹkún. Ọjọ́ ni mo kà: láti ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 14, ọjọ́ márùn-ún. Ti òyìnbó gba ogún ọdún. Kì í ṣe pé JAMB ṣe dáadáa pátápátá. Ọmọ tó ti sá lọ ilé ẹ̀gbọ́n torí ìtìjú, tí ìkésíni kò bá níbẹ̀, ta ló san tiẹ̀? Ta ló san owó mọ́tò àwọn tó padà? Ó sì yẹ kí wọ́n ti yẹ kọ̀ǹpútà wò kí èsì tó jáde. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣìnà níbí, kọ̀ǹpútà ṣìnà lọ́hùn-ún, ohun tó mú kí ìyàtọ̀ wà ni ohun tí ọ̀gá ṣe nígbà tí ẹjọ́ dé etí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ báǹkì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, n kò ní fà á gùn. Tiransífà ti wà tipẹ́, ọ̀pọ̀ wa ò yà á sí. October 2022 ni CBN lábẹ́ Emefiele kéde pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ owó, nígbà tó fi máa di February 2023 kò sí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, gbogbo orílẹ̀-èdè rọ́ sórí tiransífà lẹ́ẹ̀kan náà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dákú, tòmátì wa jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́. Ó di ọjọ́ 3 oṣù March kí Kóòtù Gíga Jùlọ tó ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ owó títí di òpin ọdún náà. Ẹ̀rọ kọ́ ló kó owó nílẹ̀. Àwọn tó jókòó sí yàrá tútù ló pàṣẹ kí wọ́n tó bèèrè bóyá ọ̀nà fẹ̀. Ní September àti October 2024 ẹ̀wẹ̀, àwọn báǹkì ńlá kan pààrọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń darí gbogbo iṣẹ́ wọn, àwọn oníbàárà wọn wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tí wọn kò fojú kan owó ara wọn.

Èmi fúnra mi, oníbàárà kan ra epo lọ́wọ́ mi, ó fi owó ránṣẹ́, wọ́n yọ ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ mi. Báǹkì tiẹ̀ ní kí á lọ sí tèmi, báǹkì tèmi ní kí á lọ sí tiẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kò rí mi fín, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Màmá, ẹ máà bínú, ohun tí mo rí nínú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni mo lè sọ." Mo gbà á gbọ́. Wọ́n gbé e jókòó síbẹ̀ láti gba èébú, wọn kò fún un ní àṣẹ kankan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni owó yẹn lò lójú ọ̀nà. Kí ẹ mọ̀ o, CBN pa á láṣẹ ní 2020 pé owó tí POS bá yọ tí kò dé ibi tó ń lọ, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ kí wọ́n tó dá a padà. Bí wọ́n bá ń yí yín kiri, ẹ dárúkọ wákàtí 72 fún wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Nígbà tí a dán ẹ̀rọ tuntun yìí wò fún oṣù kan ní ìlà àwọn aláta, ẹ̀rọ ní ìyá kan jẹ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìyá náà mú káàdì jáde, ó ti san. Nígbà tí a tọpa rẹ̀, ọjọ́ tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Ọmọ tó ń gba owó tẹ̀ ẹ́, kò wọlé, òun rò pé ó wọlé. Ọmọ náà kò jalè, ìyá náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n kí á tó wo káàdì, ẹnìkan ti pè é ní ajẹgbèsè láàárín ọjà, ìyá tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Bí káàdì kò bá sí ń kọ́? Yóò san án lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì dákẹ́, yóò rò pé òun nìkan ni.

Torí náà, kí á gba ẹ̀rọ, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí á máà sọ káàdì nù. Kí ọmọ tó ń gba owó máa tẹ fóònù, kó sì tún máa fàmì sí káàdì lójú ẹni tó san, ó kéré tán fún ọdún kan gbáko, ká fi méjèèjì wé ara wọn ní òpin oṣù. Bí wọ́n bá ní ìyẹn yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn, a lè ní kí ẹ̀rọ máa tẹ rìsíìtì jáde, ẹni tó ń tà á ní ó ṣeé ṣe, owó ló ní a ó fi kún un. Ẹ jẹ́ kí á fi kún un.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ tó ń gba owó, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ta ẹ̀rọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ akọ̀wé, èmi nìyẹn. Kí á yan ìyá mẹ́ta láti ìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó lè kàwé dáadáa, kí wọ́n jókòó lọ́jọ́ ọjà kan lóṣù, kí gbogbo ẹjọ́ ẹ̀rọ wá síwájú wọn nínú ìwé kan ṣoṣo. Ìwé kan ṣoṣo ni mo wí, kì í ṣe kí ti aláta wà ní ìlà aláta, ti ẹlẹ́lùbọ́ wà ní ìlà ẹlẹ́lùbọ́. Bí ènìyàn márùn-ún bá sọ ohun kan náà, ìwé náà ni yóò jẹ́ kí á mọ̀. Títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ìsọ̀ ẹnikẹ́ni pa, kò sì gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní ajẹgbèsè. Ẹni tó bá pè é, kí ó san owó ìtanràn. Mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ kò ní fẹ́ràn èyí, torí àwọn kan níbẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n máa ti ìsọ̀ pa.

Ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún wa ń bọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ọmọlúàbí ni, n kò ní ọ̀rọ̀ burúkú kankan láti sọ sí i. Mo fẹ́ kí á bi í léèrè lójú gbogbo ènìyàn, ta ni ó lè wọ inú ìwé owó wa láti òkèèrè kó yí nǹkan padà? Bí ẹnìkan bá yí i padà, ǹjẹ́ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ yóò hàn? Bí a bá jà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́la, tàbí tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kógbá sílé, ta ló ni ìwé inú kọ̀ǹpútà náà, àwa tàbí òun? Kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Bó bá ní ẹ̀rọ òun kì í ṣàṣìṣe, kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí á fún un ní omi tútù, kí á máa wá ẹlòmíràn.

Ìpàdé yẹn ni wọ́n fẹ́ gba gbogbo káàdì jọ lọ́wọ́ wa. Ẹ mú tiyín wá, ẹ má jókòó sílé torí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò yín títí wọn yóò fi dáhùn.